Mẹ́mórì Pi ń tán, ilé ń kú ní ìdájí: ẹ gbà mí o, ará Àsẹ̀rò ni mí

Ọmọ Àsẹ̀rò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́mórì kì í ṣe tuntun níbí, àmọ́ tèmi ti di ẹjọ́ àdúgbò, ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Home Assistant ni mo fi ń darí ilé wa ní Àsẹ̀rò, Abẹ́òkúta. Orí Raspberry Pi 3 B+ tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ló wà, 1GB ni RAM rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò pọ̀ lójú mi. Ó ń tan pọ́ǹpù bọ́hò bí iná bá dé, á sì pa á bí táńkì bá kún. Ó ń ka inverter àti bátìrì. Ó ń tan iná ìta ní ìrọ̀lẹ́. Kámẹ́rà kan wà ní géètì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti bí oṣù méjì báyìí, á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Màá ṣí i lórí fóònù, á máa yí lójú kan. Bó bá fi máa di ìdájí, ó ti kú. Èmi á yọ wáyà iná rẹ̀, màá tún un kì bọ̀ ọ́, á jí.

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, pọ́ǹpù wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó kú. Kò sẹ́ni tó pa pọ́ǹpù. Omi kún táńkì, ó ṣàn gba abẹ́ ògiri, ó wọ àgbàlá ìyá aláró tó múlé tì wá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni màmá náà tẹ́ sílẹ̀, ó ti ya ẹ̀kọ sí wọn lára, kò tíì rẹ wọ́n sínú aró. Omi fọ ẹ̀kọ náà nù pátá. Aṣọ 12 ni mo san owó rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ lé e.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n lọ ra Pi oní-8GB ni, àbí ohun míì wà tí mo lè ṣe?

Ọmọ Alábàtà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. 2018 ni 3 B+ jáde, ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ra Pi 4 tàbí Pi 5 oní-8GB, kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ mẹ́mórì títí ayé.

Bọ̀dá Sólà

Alábàtà, rọra ná. Owó olówó lo fẹ́ ná yẹn. Táńkì tó bá ń jò, bí o bá gbé èyí tó tóbi jù ú lọ wá, tí o so ó mọ́ páìpù kan náà, á jò náà ni; á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ. Oníbàárà mi kan ní Pánṣẹ́kẹ́ kúrò lórí 1GB bọ́ sórí 4GB. Ohun tó ń kú ní ọjọ́ kẹta wá ń kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ní òun ti tún un ṣe. Mo ní ó kú iṣẹ́.

Ọmọ Àsẹ̀rò, kó tó di pé o ná kọ́bọ̀, lọ sínú Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), tẹ `free -h`, kó ohun tó bá gbé jáde wá síbí. Ìkejì, kọ orúkọ gbogbo add-on (ètò àfikún) tó wà lórí rẹ̀, má fi ẹyọ kan pamọ́. Ìkẹta, lọ sí Settings, System, Logs, yan Host lókè níbẹ̀, kí o wá ibi tí wọ́n kọ "Out of memory" sí.

Ọmọ Àsẹ̀rò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rí rèé, àná ni mo tún un tàn, nítorí náà kò tíì lo ọjọ́ méjì pé:

```
        total   used   free   buff/cache   available
Mem:    906M    701M   38M    167M         118M
Swap:   300M    287M   13M
```

Add-on: Mosquitto (tó ń gbé ìròyìn láàárín àwọn ẹ̀rọ), ESPHome (tí mo fi ń kọ ètò sínú ESP), File editor àti Studio Code Server (tí mo fi ń ṣe àtúnṣe fáìlì), Terminal. HACS, ibi tí a ti ń rí àfikún tí àwọn aráàlú kọ, náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó ń ka inverter.

Nínú lọ́ọ̀gì Host, mo rí "Out of memory: Killed process" ní ìgbà mẹ́rin, "(python3)" ló sì wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. 38M péré ló kù nínú 906M! Àyà mi já.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já nítorí 38M. Ẹ̀ka "free" yẹn ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lásán. Linux tó wà lábẹ́ Home Assistant kì í jẹ́ kí mẹ́mórì jókòó láìṣiṣẹ́. Fáìlì tó bá ti kà á máa wà lórí RAM kó má baà tún máa lọ kà á lórí káàdì. Bí ètò kan bá wá béèrè àyè, á kó wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìyá olójà tó gbé ẹrù lé bẹ́ǹṣì oníbàárà ni. Bí oníbàárà bá dé, á gbé ẹrù sọ̀, oníbàárà á jókòó. Kò túmọ̀ sí pé kò sí bẹ́ǹṣì. "Available" ni kí ẹ máa wò.

Àmọ́ o, 118M kò dára náà, swap yín ló sì bà mí lẹ́rù jù. 287M nínú 300M! Ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí kò gba RAM mọ́ sí nìyẹn, ó ti kún dé ẹnu. Ìdí tó fi ń wọ́ bí ìgbín kó tó kú nìyẹn: ó ń gbé nǹkan lọ gbé nǹkan bọ̀, kò rí àyè ṣiṣẹ́.

Ohun kejì: python3 tí ẹ rí nínú lọ́ọ̀gì, Home Assistant fúnra rẹ̀ ni. Ẹ má kàn dájọ́ pé òun ló jẹbi. Bí RAM àti swap bá tán, kernel (ọkàn Linux) á wo inú ilé, á fún oníkálukú ní máàkì, ẹni tó tóbi jù lọ sábà máa ń ni máàkì tó ga jù, òun ló máa pa. Ẹni tó kú lè má ṣe ẹni tó jẹun tán. Ó lè jẹ́ pé Studio Code Server ló jẹ 150M tó kẹ́yìn, kí Home Assistant tó wà jẹ́jẹ́ rẹ̀ wá fi orí fá a.

Ẹ bá mi wo nǹkan kan sí i. Agogo mélòó gan-an ló ń kú? Kí ẹ má sọ "ìdájí" fún mi, ẹ kọ agogo àti ìṣẹ́jú.

Láfún Àti Ewédú

Kí ẹ tó máa ka máàkì fún kernel, ẹ bá mi bi ìyá aláró bóyá láfún tó fi se ẹ̀kọ àdìrẹ yẹn ṣẹ́ kù. Ebi ń pa mí ní Kútọ̀ níbí.

Àmọ́ mo fẹ́ sọ òótọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n Àsẹ̀rò, kí ló dé tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń pa pọ́ǹpù? Flóòtì ńkọ́? Súwíìṣì flóòtì kékeré tó máa ń wà nínú táńkì, tí omi á gbé sókè tí á sì gé iná, kò mọ Home Assistant, kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í jẹ RAM.

Ọmọ Àsẹ̀rò

@Láfún, màmá yẹn kò tíì fẹ́ rí mi sójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi níṣẹ́ láfún. Flóòtì wà tẹ́lẹ̀, ó bàjẹ́, mo sì ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe nígbà tí mo ní sẹ́ńsọ̀. Mo gbà pé mo ṣẹ̀.

@Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo wo lọ́ọ̀gì náà dáadáa: 4:13, 4:15, 4:13, àti 4:14. Mo rò pé iná tó máa ń dé ní ìdájí ló ń fà á.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ahà! Mo fura sí i. Kì í ṣe iná. Agogo 4:12 ìdájí ni Recorder inú Home Assistant máa ń pa àwọn ìtàn tó ti pé ọjọ́ rẹ̀ rẹ́. Lálaalẹ́ ni. Bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, ọjọ́ 10 ni ó máa ń tọ́jú, ohun tó bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, 4:12 ni yóò kó o dànù. Ní Àìkú kejì nínú oṣù, á tún fi iṣẹ́ ńlá kan lé e, á tún gbogbo fáìlì náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè fún pọ̀. Iṣẹ́ yẹn kì í pa ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le. Àmọ́ tiyín ti rẹ̀ kó tó di agogo mẹ́rin, ẹ wá tún gbé ẹrù lé e lórí.

Fáìlì kan wà nínú config tó ń jẹ́ `home-assistant_v2.db`. Báwo ló ṣe tóbi tó? Inverter yín ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń kà á?

Ọmọ Àsẹ̀rò

Mà, 3.4GB ni fáìlì yẹn.

Inverter, ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni mo ń kà á. Mo fẹ́ kí àwòrán bátìrì mi máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni.

Bọ̀dá Sólà

Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kẹ̀? Bátìrì ni, kì í ṣe eré bọ́ọ̀lù. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ni bátìrì 200Ah fẹ́ ṣe tí o kò gbọ́dọ̀ máà rí?

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Sẹ́ńsọ̀ kan tí iye rẹ̀ ń yí nígbà gbogbo, bí fólítéèjì tó ń fò láti 229.8 sí 230.1, á kọ ìlà tó tó 86,400 sínú fáìlì lójúmọ́. Inverter á máa gbé bí sẹ́ńsọ̀ 20 wá: fólítéèjì, wáàtì, ìgbóná, ìdá bátìrì, àti àwọn míì tí ẹ kò wò rí. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,728,000 ìlà lójúmọ́. Bí ẹ bá kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30, ó di 2,880 fún sẹ́ńsọ̀ kan, 57,600 fún gbogbo wọn. Bátìrì náà ni, ilé náà ni, ìtàn náà ni.

Ohun tí ẹ máa kọ sínú `configuration.yaml` rèé:

```
recorder:
  purge_keep_days: 4
  commit_interval: 30
  exclude:
    domains:
      - camera
      - update
    entity_globs:
      - sensor.inverter_*_temp
      - sensor.*_signal_strength
```

Ẹ fi orúkọ sẹ́ńsọ̀ tiyín rọ́pò tèmi. `commit_interval` yẹn, 5 ló máa ń jẹ́ bí ẹ kò bá kọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 30, kò ní máa kọ nǹkan sórí káàdì ní gbogbo ìgbà, káàdì SD á pẹ́ láyé díẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí iná bá lọ lójijì, ìtàn ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó kẹ́yìn á bá a lọ. Èmi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù pé ọjọ́ 4 yẹn á pa àwòrán oṣù àti ọdún yín rẹ́. Àròpọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú ìwé Energy ń lò, inú fáìlì kan náà ló wà, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tábìlì tó ń gbé, ìpaarẹ́ agogo 4:12 (purge) kì í fọwọ́ kàn án. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tí ẹ bá kọ sábẹ́ `exclude`, kò ní ní àròpọ̀ kankan mọ́, nítorí náà ẹ má kọ ìdá bátìrì síbẹ̀ o.

Fáìlì 3.4GB tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má dán an wò pé kó tún ara rẹ̀ tò pẹ̀lú 118M tó kù. Á tún kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ìtàn àtijọ́ kò bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ ṣe backup, ẹ tẹ `ha core stop`, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, ẹ tẹ `ha core start`. Á dá tuntun. Àròpọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ á bá a lọ o. Bí ẹ kò bá lè fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ gbé fáìlì náà lọ sórí láptọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi SQLite fún un pọ̀.

Ẹlẹ́rọ Kútọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó ń yọ wáyà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró. Bí ẹ ṣe ń yọ iná lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sórí káàdì, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: wọ́n á gbé káàdì wá, wọ́n á ní "ó kàn ń kú ni." Ó kàn ń kú kọ́. Bó bá ti há, ẹ gbìyànjú ojú ìwé Observer lórí port 4357, bí ìyẹn bá ṣì ń dáhùn ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló kú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 pàápàá. Nígbà tí kernel bá pa python3, Supervisor, ètò tó ń ṣọ́ Home Assistant, sábà máa ń gbé e dìde fúnra rẹ̀.

Ṣáájà wo ni ẹ fi ń bọ́ ọ? Mo ń béèrè nítorí pé mo mọ ìdáhùn. Ṣáájà fóònù àtijọ́ ni. 3 B+ ń fẹ́ 5.1V àti 2.5A. Bí iná bá sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ 4.63V, á dín agbára ara rẹ̀ kù, gbogbo nǹkan á falẹ̀, ẹ ó sì máa pè é ní mẹ́mórì. Wáyà USB tín-ín-rín náà máa ń jẹ fólítéèjì.

Kámẹ́rà géètì: ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ẹ fọwọ́ sí "Preload stream". Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, fídíò ń ṣàn wọlé tọ̀sán-tòru yálà ẹnì kan ń wò ó tàbí kò sí. Ẹ yọ ọ́. Kámẹ́rà náà sì máa ń ní ìṣàn méjì, ńlá àti kékeré. Èyí kékeré ni kí ẹ fún Home Assistant. Ẹni tó bá fẹ́ fi Pi 3 ṣe Frigate, ètò tó ń wo fídíò kámẹ́rà láti dá èèyàn mọ̀, kó kọ́kọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kí n gbàdúrà fún un.

Ọmọ Alábàtà

Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ 8GB yẹn. Mo ti ka gbogbo èyí, mo lọ wo tèmi ní hostel, mo bá Studio Code Server níbẹ̀ tí mi ò ṣí láti oṣù mẹ́ta. Ó ń jẹ RAM ní gbogbo oṣù mẹ́ta náà. Bí add-on bá wà ní títàn, ó ń jẹun, bóyá o ṣí i tàbí o kò ṣí i. File editor tó iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tàbí kí n tan Code Server nígbà tí mo bá nílò rẹ̀ kí n sì pa á lẹ́yìn rẹ̀.

ESPHome náà, ẹ̀gbọ́n: ẹ má ṣe kọ́ńpáìlì lórí Pi oní-1GB. Ìyẹn ló pa tèmi lọ́jọ́ kan. ESP32 kan péré, ẹ̀rọ kékeré oní-Wi-Fi yẹn, ni mo fẹ́ ṣe àtúnṣe sí. Ẹ fi ESPHome sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ́ńpáìlì níbẹ̀, ẹ fi Wi-Fi rán an lọ. Àwọn ESP tó ti wà lára ògiri kò nílò add-on yẹn láti ṣiṣẹ́, ẹ lè yọ ọ́ kúrò lórí Pi pátápátá.

Àgbà Ìbàrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń da ara yín láàmú. Láti bí ọdún kan ni mo ti kọ ọ́ sínú automation pé kí Home Assistant tún ara rẹ̀ tàn ní agogo 3:30 òru. Kò kú rí. Èmi àti màmá ń sùn wọra.

Bọ̀dá Sólà

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe oògùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń fi tún ara rẹ̀ tàn, bí pọ́ǹpù bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà ńkọ́? Bí ohun tó ń jò bá sì yára sí i lẹ́yìn update kan, á kú kó tó di 3:30, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á nítorí pé ẹ ò wò ó rí.

Àgbà Ìbàrà

Flóòtì wà nínú táńkì tèmi, ọmọ mi. Ẹni 71 ọdún ni mí. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni mo nílò.

Bọ̀dá Sólà

Bàbá, ẹ jàre mi.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹ̀yin méjèèjì jàre. Bí ẹ bá tiẹ̀ máa lo ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹ má fi agogo dè é, mẹ́mórì ni kí ẹ fi dè é. Ẹ fi System Monitor, tó ń ka ìlera ẹ̀rọ, sí i, ẹ tan sẹ́ńsọ̀ mẹ́mórì inú rẹ̀ (ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà ní pípa láti ìbẹ̀rẹ̀), kí ẹ ní kó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù bí ohun tó kù bá wá sí abẹ́ 150M, kó sì tún ara rẹ̀ tàn bí ó bá dé abẹ́ 80M, tí pọ́ǹpù bá wà ní pípa.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn wúlò fún nǹkan míì. Ẹ wo ìlà mẹ́mórì tí ẹ̀rọ ti lò, bó ṣe ń yà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ tan ẹ̀rọ, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrù ló pọ̀, ẹ dín ẹrù kù. Bó bá ń gun òkè láìdúró bí ẹni tó ń gun Olúmọ, nǹkan ń jò nínú ilé. Ìtọ́jú méjèèjì kò jọra.

Ọmọ Àsẹ̀rò

Mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ jókòó.

Mo yọ Studio Code Server àti ESPHome kúrò. Mo yọ Preload kúrò lára kámẹ́rà. Ẹlẹ́rọ Kútọ̀, aríran ni yín: ṣáájà fóònù àtijọ́ ìyàwó mi ni, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo pa fáìlì 3.4GB rẹ́, mo dágbére fún ìtàn àtijọ́. Inverter ti di ìṣẹ́jú-àáyá 30. Available kúrò ní 118M, ó di 372M. Ìdùnnú ṣubú layọ̀.

Lẹ́yìn náà mo wo ìlà tí Ìyá Ìbejì wí. Ó ń gun òkè. Jẹ́jẹ́ ni, bí 35M lójúmọ́, àmọ́ kò dúró rí.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ó ń jò nìyẹn. Ẹ lọ sí Settings, System, ẹ tẹ bọ́tìnnì títún-tàn, ẹ yan "safe mode". Gbogbo ohun tó bá ti HACS wá kò ní wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Pọ́ǹpù o!

Ọmọ Àsẹ̀rò

Mo ti ra flóòtì mà. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rà, kó tó kan ṣáájà.

Bọ̀dá Sólà

Ó dára. Bí o bá tún fẹ́ fi kún un, gbé ìpinnu pọ́ǹpù kúrò lórí Pi, gbé e sórí ESP32 tó wà lẹ́bàá táńkì. ESPHome lè gbé àṣẹ yẹn sínú ESP fúnra rẹ̀: "bí omi bá dé ibí, gé pọ́ǹpù, bí pọ́ǹpù bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 40, gé e láìbi ẹnikẹ́ni." 520KB péré ni RAM ESP32. Ti Pi rẹ fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 jù ú lọ. Àmọ́ iṣẹ́ kan ló ń ṣe, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni du àyè. Kí Pi máa ka ìròyìn, kó máa ya àwòrán fún ọ.

Ìṣẹ́jú 40 yẹn ṣe pàtàkì ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú míì lè má mọ̀. Orí àpáta la kọ́lé sí. Bọ́hò wa kì í pẹ́ gbẹ bí ẹ bá fà á jù, pọ́ǹpù tó bá sì ń fa afẹ́fẹ́ á jóná.

Ẹlẹ́rọ Kútọ̀

Òótọ́ ni. Mo ti sin pọ́ǹpù méjì fúnra mi ní Adìgbẹ̀.

Ẹni kan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ṣé kó fi kún swap. Bí ẹ bá fi í sórí káàdì SD, ẹ ń ra àkókò díẹ̀, ẹ ń fi ẹ̀mí káàdì san án. Sórí SSD tí ẹ fi USB so, mo gbà. Kò sì sọ ohun tó ń jò di ohun tí kò jò mọ́.

Láfún Àti Ewédú

Ó ku ẹni tó máa sọ̀rọ̀ mini PC tòkunbọ̀. Èmi náà á sọ ọ́. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dànù, oní-4GB tàbí 8GB, Home Assistant ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí àlá. Tèmi kò tíì dé ìlàjì mẹ́mórì rí, mo sì ń ṣe wọ̀bìà gan-an.

Bọ̀dá Sólà

Dára, àmọ́ sọ ti iná fún wọn. Èyí tí mo wọ̀n lórí inverter mi ń jẹ bí 10W, Pi 3 ń jẹ bí 4W. Láàárín wákàtí 12 òru, 120Wh àti 48Wh nìyẹn. Bátìrì 12V 200Ah jẹ́ 2,400Wh lórí bébà, nítorí náà kò ní pa yín, àmọ́ ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti gbó, tó ń ṣọ́ iná fáànù títí ilẹ̀ fi máa mọ́, kó rò ó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí Home Assistant 32-bit, ẹ̀dà 2025.12 ni wọ́n fi parí àtìlẹ́yìn rẹ̀. Pi 3 lè gbé 64-bit, àmọ́ 64-bit ń jẹ RAM díẹ̀ sí i. Lórí 1GB, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Àsẹ̀rò

Ọjọ́ méjì ti pé nínú safe mode. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo dá àwọn ti HACS padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan ọjọ́ kan. Ẹ̀dà ọdún tó kọjá ni mò ń lò fún èyí tó ń ka inverter, mi ò ṣe update rẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí inverter kò bá dáhùn, á ṣí ọ̀nà tuntun sí i, kò sì ní ti èyí àtijọ́. Mo fi Profiler, irinṣẹ́ inú Home Assistant tó ń fi ohun tó ń jẹ mẹ́mórì hàn, wò ó, mo rí i tí wọ́n tò jọ bí àwo lẹ́yìn ìnáwó. Mo ka ohun tí ẹni tó kọ ọ́ sọ nípa ẹ̀dà tuntun, ó wà níbẹ̀ gbangba pé òun ti tún ibẹ̀ ṣe láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mo ṣe update. Ọjọ́ 11 rèé, kò kú. 4:12 kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, fáìlì ìtàn jẹ́ 190MB, swap 41M.

Ẹ wo owó tí mo fẹ́ fi ra 8GB.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Àgbà Ìbàrà

Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ní kí ọmọ mi bá mi tan System Monitor. Ìlà tèmi ń gun òkè díẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Láfún Àti Ewédú

Ìyá aláró ńkọ́?

Ọmọ Àsẹ̀rò

A ti parí ìjà. Àná ló pè mí láti orí ògiri. Ó ní òun gbọ́ pé mo ní ẹ̀rọ tó mọ ìgbà tí omi bá kún, ṣé ó lè mọ ìgbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀ kó pe òun kó tó ba aṣọ jẹ́. Mo ní màá fi ESP kan àti sẹ́ńsọ̀ òjò síbẹ̀ fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kámẹ́rà o.

Ẹlẹ́rọ Kútọ̀

Ṣáájà tuntun ni kí ẹ fi bọ́ ọ.